Ojú Tiwa Lókè: Ṣé Sátẹ́láìtì Nàìjíríà Lè Rí Ajégúnlẹ̀?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a sọ̀rọ̀ nípa Hubble, awò-awọ̀nàjíjìn tí Amẹ́ríkà gbé lọ sí òfuurufú ní oṣù Kẹrin ọdún 1990 láti máa wo ìràwọ̀. Lẹ́yìn ètò náà, màmá kan tó ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa ní Ajégúnlẹ̀ pè mí: "Ọmọ mi, èyí tó ń wo ìràwọ̀ dáa. Tiwa ńkọ́? Ṣé ó ń rí omi tó ń wọ yàrá mi tí òjò bá rọ̀?"

Ìbéèrè gidi nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká dáhùn ẹ̀.

Tiwa àkọ́kọ́ tó ń wo ilẹ̀ ni NigeriaSat-1. Rọ́kẹ́ẹ̀tì gbé e gbéra ní Plesetsk, ní Rọ́ṣíà, ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2003. Guildford ní Ìlú Ọba ni wọ́n ti ṣe é, níbi tí àwọn ẹnjinníà wa ti lọ kọ́ṣẹ́. Bíi Hubble, ó ń yí ayé po, ó tilẹ̀ ga jù ú lọ díẹ̀: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 700 kìlómítà sókè. Ìyàtọ̀ wọn ni pé Hubble kọjú sí ìràwọ̀, tiwa kọjú sílẹ̀.

Kí ló lè rí nígbà tó ṣì ń ṣiṣẹ́? Fọ́tò rẹ̀, bíi ti fóònù yín, jẹ́ ẹyọ kéékèèké tí wọ́n tò pọ̀. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan dúró fún ilẹ̀ tó gùn ní mítà 32, tó sì fẹ̀ ní mítà 32. Ẹ wo kọ̀ǹténà gígùn tí tírélà ń gbé jáde ní èbúté Àpápá: ó gùn tó mítà 12. Ẹ to méjì tẹ̀léra, wọn ò tíì gùn tó ẹyọ kan. Torí náà, ó lè rí ọ̀sà, igbó, àti ìlú tó ń fẹ̀ sí i. Ilé màmá tàbí gọ́tà iwájú rẹ̀? Rárá.

Kí wá ni ìwúlò rẹ̀? Sátẹ́láìtì kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀ kò lè máa ya ìlú kan lójoojúmọ́. Ni Nàìjíríà, Àlgéríà, Tọ́kì àti Ìlú Ọba bá ṣe é bí àjọ: kálukú mú tirẹ̀ wá, bí àjálù bá ṣẹlẹ̀ níbikíbi, èyí tó bá tètè dé orí ibẹ̀ á yà á. Nígbà tí ìjì Katrina jà ní Amẹ́ríkà ní oṣù Kẹjọ ọdún 2005, tí omi bo New Orleans, NigeriaSat-1 wà lára àwọn tó fi fọ́tò ránṣẹ́. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, méjì mìíràn tún gbéra: NigeriaSat-X, tí àwọn ẹnjinníà ọmọ Nàìjíríà fọwọ́ ara wọn tò ní Guildford, àti NigeriaSat-2. Nínú fọ́tò dúdú-àti-funfun ti NigeriaSat-2, ẹyọ kan jẹ́ mítà 2.5 péré. Kọ̀ǹténà Àpápá di nǹkan bí ẹyọ márùn-ún ní gígùn. Òrùlé màmá ti hàn nìyẹn.

Ṣùgbọ́n kámẹ́rà wọn kì í ríran kọjá ìkúùkù, bẹ́ẹ̀ ìgbà tí òjò ń rọ̀ gan-an ni ìkúùkù ń bo Èkó. Nítorí náà, kò lè rí omi náà bó ṣe ń wọlé. Ohun tó lè fi hàn ni ohun tó fà á: ẹ gbé fọ́tò ọdún kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọdún mìíràn, ẹ ó rí ibi tí wọ́n ti fi ilé bo irà, àti ibi tí ọ̀nà omi ti há.

Mo ṣàlàyé gbogbo èyí fún màmá. Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ó dáa. Kí wọ́n wá fi fọ́tò náà han ẹni tó yẹ kó gbẹ́ gọ́tà."

Ẹ fi ìbéèrè tiyín náà ránṣẹ́ o. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.