Àmì Pupa Lójú Ìbọn: Èwo Ni Ó Yẹ Ọdẹ Ìrọ̀lẹ́?

Bàbá tí ó bí bàbá mi, ọdẹ òru ni. Iná káábáìdì ni ó máa ń dè mọ́ iwájú orí, ìbọn ṣakabùlà ni ó sì máa ń gbé kọ́ èjìká. Ní òru ọjọ́ kan, ó rí ojú méjì tí ó ń dán nínú igbó. Ó gbé ìbọn sókè, ó fojú sùn ún, ṣùgbọ́n kò yìn ín. Ó dúró títí ẹran náà fi yí ẹ̀gbẹ́ padà, ìgbà náà ni ó tó rí okùn lọ́rùn rẹ̀. Ewúrẹ́ aládùúgbò wa ni.

Ìtàn yìí ni ó sọ sí mi lọ́kàn nígbà tí mo gba lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ mi kan tí ó ń gbé ní ìpínlẹ̀ Texas, ní Amẹ́ríkà. Ó ti darapọ̀ mọ́ àwọn tí ń fi ìbọn ìléwọ́ ṣọdẹ. “Ìwọ tí o ń ka físíìsì,” ni ó wí, “èwo nínú àwọn awò alámì pupa wọ̀nyí ni kí n rà? Ìrọ̀lẹ́ ni àgbọ̀nrín ibí máa ń jáde, bí ó bá sì ti di àkókò yẹn, n kì í rí ojú ìbọn mi mọ́.” Mo ti dá a lóhùn, ṣùgbọ́n nítorí pé ọ̀rọ̀ náà kan ìmọ́lẹ̀ àti bí ojú ènìyàn ti ń ṣiṣẹ́, mo rò pé yóò dùn mọ́ ẹ̀yin òǹkàwé wa náà.

Kí n tó lọ jìnnà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mo ń ti àwọn ọdẹ ilé wa láti lọ wá ìbọn ìléwọ́. Òfin ìbọn tí a ṣe ní Nàìjíríà ní 1959 kà á mọ́ àwọn ìbọn èèwọ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, láti 1997 ni òfin ti gba èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ ará ìlú. Amẹ́ríkà ni ọ̀rọ̀ wa wà. Níbẹ̀, pàápàá láti nǹkan bí 1956 tí ìbọn .44 Magnum ti dé ọjà, àwọn kan ti fẹ́ràn láti máa fi ìbọn ìléwọ́ pa ẹran ńlá. Wọ́n gbọ́dọ̀ sún mọ́ ẹran náà gidi, nítorí ìbọn náà kò ní ìdí tí a lè tì mọ́ èjìká, bí ọwọ́ sì ti gbọ̀n díẹ̀ báyìí, ọta ti ṣìnà.

Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ wọn, Texas náà wà nínú rẹ̀, òfin fi àyè gba ọdẹ àgbọ̀nrín láti ààbọ̀ wákàtí ṣáájú kí oòrùn tó yọ títí di ààbọ̀ wákàtí lẹ́yìn tí ó bá wọ̀. Àgbọ̀nrín náà kò sì jáde tán àfi ní ìdájí àti ní ìrọ̀lẹ́. Nítorí náà, àkókò tí ẹran pọ̀ jù lọ ni àkókò tí ojú kò ríran dáadáa.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí ó ń dààmú ọ̀rẹ́ mi. Ojú ìbọn onírin jẹ́ méjì: ọ̀kan wà lẹ́yìn, ó ní àlàfo láàárín, èkejì dúró gangan lókè ẹnu ìbọn. Ẹni tí ó bá fẹ́ yìnbọn gbọ́dọ̀ mú méjèèjì yìí àti ẹran wà lójú ìlà kan náà. Ohun mẹ́ta ni èyí, ibi tí wọ́n wà sì jìnnà síra wọn, bẹ́ẹ̀ ojú ènìyàn kò lè rí ju ọ̀kan lọ kedere lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ọ̀sán, a ń rọ́gbọ́n dá sí i. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, irin dúdú lára ẹran aláwọ̀ ilẹ̀ nínú igbó dúdú, ó di kí a máa méfò.

Awò alámì pupa ni wọ́n fi wá nǹkan ṣe sí i. Ìmọ̀ tí ó wà nídìí rẹ̀ kì í ṣe tuntun. Howard Grubb, ẹni tí ń ṣe awò awọ̀nàjíjìn ní Dublin ní ilẹ̀ Ireland, ti ṣàlàyé rẹ̀ ní 1900. Àwọn ará Sweden tí ń jẹ́ Aimpoint ni wọ́n sì mú èyí tí ó ń lo iná bátìrì jáde fún ìbọn ní 1975. Bí ó ti ń ṣiṣẹ́ rèé. Iná pupa kíún kan wà nídìí awò náà, ó kọjú síwájú. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lọ kan dígí kan tí ó tẹ̀ díẹ̀, tí wọ́n fi ohun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan bò lójú. Ohun tí wọ́n fi bò ó yìí ń dá ìmọ́lẹ̀ pupa padà sójú ọdẹ, ṣùgbọ́n ó ń jẹ́ kí àwọ̀ yòókù kọjá. Nítorí bí dígí náà ti tẹ̀, ìmọ́lẹ̀ pupa yìí ń padà bọ̀ lójú ìlà tí kò súnra, bí ẹni pé láti ọ̀nà jíjìn ni ó ti ń bọ̀. Ọdẹ á wá rí àmì pupa roboto bí ẹni pé ara ẹran gan-an ni ó wà. Kò ní láti to ohun mẹ́ta mọ́. Ẹran ni yóò tẹjú mọ́, kí ó gbé àmì lé e. Ojú méjèèjì ni yóò sì là sílẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́ nìyí. Àmì náà ń tàn, ṣùgbọ́n kò tan ìmọ́lẹ̀ sí igbó. Awò náà kì í sọ ẹran di ńlá, kì í sì í fi ìmọ́lẹ̀ kún ohun tí ojú ń rí. Ká sọ òdodo, ṣe ni ó ń dín in kù díẹ̀, nítorí kò sí dígí tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá tí kì í jẹ lára rẹ̀. Ojú ìbọn onírin, pẹ̀lú gbogbo àbùkù rẹ̀, máa ń lé ọdẹ lọ sílé: bí kò bá ti rí i mọ́, ó mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú. Àmì pupa kò mọ ilẹ̀ tí ó ṣú. Ní ọ̀gànjọ́ òru pàápàá, yóò máa tàn rederede lára òjìji tí kò sí ẹni tí ó lè sọ bóyá àgbọ̀nrín ni, tàbí màlúù ẹlòmíràn, tàbí ọdẹ ẹlẹgbẹ́ ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Nítorí náà ni mo ṣe kọ ọ́ sí ọ̀rẹ́ mi pé kí ó má ṣe béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ń tà á pé èwo ni ó ń tàn jù. Èyí tí ó lè rẹlẹ̀ jù ni kí ó wá. Bí àmì bá tàn jù nínú òkùnkùn, á fẹ̀, á máa ta ìtànṣán yí ara rẹ̀ ká, á sì bo ẹran tí a fẹ́ yìn mọ́lẹ̀. Ọmọlójú wa tí ó ti là gbàràgàdà láti gba ìwọ̀nba ìmọ́lẹ̀ tí ó ṣẹ́kù á tún sún kì. Ó ń tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ojú tó mọ́ òkùnkùn lára tán, iná díẹ̀ sì lè bà á jẹ́ ní ìṣẹ́jú àáyá. A dúpẹ́ pé àwọ̀ pupa ni kì í dí ojú òru lọ́wọ́ tó àwọ̀ yòókù, ìyẹn bí ó bá rẹlẹ̀. Kí ó ṣọ́ra o: àwọn awò kan ní ìwọ̀n tí ó rẹlẹ̀ tí ó jẹ́ pé ẹ̀rọ ìríran òru àwọn ológun ni wọ́n ṣe é fún, ojú lásán kò lè rí i rárá. Ìwọ̀n tí ojú lásán lè rí ni kí ó kà.

Àwọn awò kan tún wà tí ń fúnra wọn pinnu bí àmì yóò ti tàn tó. Èmi kò fẹ́ràn wọn fún iṣẹ́ yìí. Ìmọ́lẹ̀ tí ó wà níbi tí ọdẹ dúró ni wọ́n ń wọ̀n. Bí ọdẹ bá wà lábẹ́ igi níbi tí ó ṣú, tí ẹran sì wà ní pápá níbi tí ó ṣì mọ́lẹ̀ díẹ̀, àmì á rẹlẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, kò sì ní hàn lára ẹran. Èyí tí ó ní bọ́tìnnì tí a fi ọwọ́ tẹ̀, tí a sì lè ka iye ìgbà tí a tẹ̀ ẹ́ nínú òkùnkùn, ni ó dára.

Nípa ìwọ̀n àmì fúnra rẹ̀, MOA ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́. Àmì 1 MOA ń bo nǹkan bí íńṣì 1 ní ọ̀nà 100 yáàdì. Èyí ni pé àmì 6 MOA yóò bo íńṣì 3 ní 50 yáàdì. Ibi tí ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró àgbọ̀nrín wà kò ju bí íńṣì 8 lọ ní ìbú. Láti 3 sí 6 tó fún ìbọn ìléwọ́. Kò yẹ kí èyí gba àkókò lọ títí.

Dígí rẹ̀ ńkọ́? Ohun tí ń dá pupa padà yẹn máa ń jẹ́ kí gbogbo nǹkan dà bí ẹni pé a fi aró díẹ̀ sí i. Nínú awò olówó pọ́ọ́kú, aró náà máa ń pọ̀. Lábẹ́ iná ṣọ́ọ̀bù ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀. Kí ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí ó gbé e síta ní ìrọ̀lẹ́, kí ó wo ìdí igi tí ó ṣókùnkùn nínú rẹ̀, kí ó tún wo ibẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ẹni náà bá kọ̀, kí ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù mìíràn. Nígbà tí ó bá ń wò ó, kí ó ṣàkíyèsí bóyá àmì náà rí roboto. Bí ó bá rí i bí ìràwọ̀ tàbí bí èso àjàrà tí ó so pọ̀, tí ẹlòmíràn sì rí i ní roboto, ojú tirẹ̀ ni ó yẹ kí dókítà ojú yẹ̀ wò. Awò kò ṣe nǹkan kan.

Irú awò méjì ni ó wà ní ọjà. Èkíní ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn, èkejì ní dígí níwájú àti lẹ́yìn, iná rẹ̀ sì wà nínú àpótí. Èkíní fúyẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀kán omi òjò kan, ìrì àárọ̀ tàbí ewé kékeré tí ó bá bọ́ lé iná náà á pa àmì rẹ́. Nítorí ìrì, èkejì ni mo yàn fún un. Kí ó sì béèrè bóyá wọ́n ṣe é fún ìbọn tí ń ta ẹni padà gidigidi, nítorí .44 Magnum a máa tú ìdè, a sì máa já wáyà. Ti bátìrì kò le: kí ó pààrọ̀ rẹ̀ kí àkókò ọdẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ó fi òmíràn sápò, ní ibi tí ara á ti mú un móoru, nítorí òtútù a máa sọ bátìrì di aláìlágbára.

Ohun kan tún wà tí owó kò lè rà. Ìbọn gígùn ní ìdí tí a ń tì mọ́ èjìká, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á sì sinmi lé e, ojú á bá ara rẹ̀ lẹ́yìn awò. Ìbọn ìléwọ́ wà ní ìparí apá méjèèjì tí a nà. Ẹni tí kò tíì mọ́ lára á gbé e sókè, kò ní rí àmì kankan, á sì máa mi ọwọ́ kiri nígbà tí ẹran ń lọ. Nílé ni a ti ń kọ́ èyí, pẹ̀lú ìbọn tí a ti yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì pé kò sí ọta nínú rẹ̀, ní yàrá tí a ti dín iná rẹ̀ kù, lójoojúmọ́, títí tí àmì yóò fi máa wà níbẹ̀ kí ojú tó dé ibẹ̀.

Lópin lẹ́tà mi, mo ní kí ó ra awò olójú méjì kí ó tó ra ti ìbọn. Èyí tí wọ́n ń pè ní 8x42 ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po 8, ìmọ́lẹ̀ tí ó sì ń fún ojú fẹ̀ ju mìlímítà 5 lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún ọmọlójú tí ó là nínú òkùnkùn. Òun ni kí ó fi máa wo ohun tí kò bá dá a lójú, kì í ṣe awò tí ó wà lórí ìbọn, nítorí ohun tí a bá fi awò ìbọn wò, a ti na ẹnu ìbọn sí i ná.

Ó ti fèsì. Ó ní òun ti ra awò olójú méjì náà, owó tí ó kù lọ́wọ́ òun kò sì tó ra ti ìbọn tí mo júwe; ó di ọdún tí ń bọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì tí ó rà á, ó jókòó sábẹ́ igi, ó sì ka àgbọ̀nrín 4 àti ọmọ màlúù 1 ní ibi tí ó ti rò tẹ́lẹ̀ pé àgbọ̀nrín 5 ni.