Ṣé O Mọ̀? Owó Ilé-Ẹ̀kọ́ Kì Í Ṣe Ọ̀rọ̀ Kọ̀rọ̀ Yàrá ní Amẹ́ríkà

Ṣé o mọ̀ pé ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ kò lè fọwọ́ sí ètò ìṣúná láìkọ́kọ́ jókòó ní gbangba gbọ́ tẹnu aráàlú? Òfin ni, kì í ṣe ojú àánú.

Ṣé o mọ̀ pé ní Illinois, ìwé ìṣúná náà gbọ́dọ̀ ti wà níta fún 30 ọjọ́ ó kéré tán kí ìjókòó náà tó wáyé?

Ṣé o mọ̀ pé ní California, ọjọ́ tí wọ́n gbọ́ tẹnu òbí kọ́ ni wọ́n ń fọwọ́ sí i? Ìpàdé méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Wákàtí 72 ṣáájú ìpàdé déédéé ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ ti lẹ ohun tí wọ́n fẹ́ jíròrò síta. Òfin Brown, tí wọ́n ṣe ní 1953, ló ń ṣọ́ wọn. Kò sí ẹni tó lè ní dandan ni kí o kọ orúkọ sílẹ̀ kí o tó wọlé. Bí wọ́n bá sì díwọ̀n ìṣẹ́jú fún olúkúlùkù, ẹni tó ń lo ògbufọ̀ ní ẹ̀tọ́ sí ìlọ́po méjì, àfi bí ẹ̀rọ bá ń gbé ìtumọ̀ sí ìgbìmọ̀ létí bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Ìyẹn ni pé ìyá àgbà tó ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Oakland lè dìde, kó fi Yorùbá tó já gaara sọ tinú rẹ̀ nípa ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀. Mo fẹ́ràn òfin yìí gan-an.

Ṣé o mọ̀ pé ní New York, aráàlú fúnra wọn ló ń dìbò lórí ìṣúná ilé-ẹ̀kọ́, ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kẹta oṣù Karùn-ún? Ìlú ńlá márùn-ún ni kì í dìbò náà. New York City wà lára wọn.

Ṣé o mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Croydon? Ìlú kékeré ni ní New Hampshire, èèyàn bí 800 ló wà níbẹ̀. Ní oṣù Kẹta 2022, níbi ìpàdé ọdọọdún, ẹnì kan dá a lábàá pé kí wọ́n gé ìṣúná ilé-ẹ̀kọ́ láti mílíọ̀nù 1.7 dọ́là sí 800,000. Èèyàn 20 gbà, 14 kọ̀. Ó parí! Owó ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ lọ ju ìdajì lọ, nítorí pé èyí tó pọ̀ jù nínú aráàlú jókòó sílé. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé etí wọn, ìlú dìde. Òfin ní kí ìpàdé mìíràn tó lè yí i padà, ìdajì àwọn olùdìbò, ìyẹn 283, gbọ́dọ̀ wá. Wọ́n ń pe ara wọn láago, wọ́n ń kan ilẹ̀kùn kiri. Ní ọjọ́ 7 oṣù Karùn-ún, 377 ní kí owó padà, 2 péré ló kọ̀.

Ìwọ òbí tí ọmọ rẹ wà ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ní Amẹ́ríkà, bèèrè ọjọ́ ìjókòó ìṣúná àgbègbè rẹ, kí o sì lọ.