Irin Kékeré Tí Ó Di Ọkọ̀ Mú
Ẹ̀yin ìyá tí ń wa ọkọ̀ ọ̀tọ́mátíìkì, bí ẹ bá gbé ọkọ̀ dúró sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bí ti Òkè Màpó ní Ìbàdàn, ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé P nìkan. Irin kékeré kan ni ó ń há sáàárín eyín kẹ̀kẹ́ kan nínú jíà. Bí ẹ kò bá fa bíréèkì ọwọ́, òun nìkan ni yóò ru ọkọ̀ náà. Ìró “gbàgà” tí ẹ ń gbọ́ bí ẹ bá ń yọ ọ́ kúrò ní P, ìnira rẹ̀ ni. Ọjọ́ tí ó bá jẹ tán tàbí tí ó bá kán, ọkọ̀ yóò yí lọ, bóyá ọmọ yín ni ó sì ń ṣeré lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ di bíréèkì ẹsẹ̀ mú, ẹ fi jíà sí N, ẹ fa bíréèkì ọwọ́, ẹ rọra gbé ẹsẹ̀ kí ọkọ̀ fara tì í. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi sí P. Ẹni tí ó bá ń kánjú fi sí P kí ọkọ̀ tó dúró (àwọn ọkọ wa náà ń ṣe é) ń ha irin náà jẹ díẹ̀díẹ̀ ni.