Ẹ Jẹ́ Ká Sọ Òótọ́ Ibà Lassa Fáwọn Ọmọ Wa

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní í jẹ́ ká sùn lóru. Ọ̀rọ̀ kòkòrò kọ́ la mú wá lọ́tẹ̀ yìí o, ọ̀rọ̀ eku ni. Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ fi Jos àti agbègbè rẹ̀ ṣe ibùgbé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yá wa létí yín.

Níbi ìpàdé àwọn ọmọ wa kan, ọmọkùnrin kan tí kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ dìde. Ó ní bí eku bá jẹ lára búrẹ́dì, tí Mọ́mì sì ní kí òun gé ibi tí eku jẹ dànù kí òun jẹ ìyókù, ṣé kí òun jẹ ẹ́? Àwa àgbà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò pẹ́ lẹ́nu wa, nítorí a mọ̀ pé ilé tí wọn kò ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí kò pọ̀. Ọjà kò yá, oúnjẹ sì wọ́n.

Èsì tí a fún un ni pé kó má jẹ ẹ́. Ibi tí eku fi eyín kàn nìkan kọ́ ló léwu. Ibi tó tọ̀ sí, ojú kì í rí i. A ní bí inú bá bí Mọ́mì, kí wọ́n wá bá wa.

Àwa ará Jos ló yẹ ká mọ ọ̀rọ̀ yìí ju ẹlòmíràn lọ. Lọ́dún 1969, nọ́ọ̀sì òyìnbó kan, Laura Wine, tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn àwọn míṣọ́nnárì ní ìlú Lassa, tó wà ní ìpínlẹ̀ Borno òde òní, dùbúlẹ̀ àìsàn. Wọ́n fi bàálù gbé e wá sí Jos níbí, ibẹ̀ ló kú sí. Kò pé oṣù kan tí Charlotte Shaw, nọ́ọ̀sì tó tọ́jú rẹ̀, fi kú tẹ̀lé e. Ẹnì kẹta wọn, Lily Pinneo, ni wọ́n gbé lọ sí Amẹ́ríkà tó sì yè é. Ibẹ̀ làwọn onímọ̀ ti rí kòkòrò àrùn náà, tí wọ́n fi orúkọ ìlú Lassa pè é. Lọ́dún 1970, ó tún jà ní Jos, ó sì pa Dókítà Jeanette Troup tó ń tọ́jú àwọn aláìsàn. Nígbà tí wọ́n ń kú yẹn, kò sẹ́ni tó mọ òótọ́. Lónìí a ti mọ̀ ọ́n. Kí wá ni àwíjàre wa bí a bá dákẹ́?

Àwọn òbí kan a máa dẹ́rù ba ọmọ pé bó bá fọwọ́ kan eku, ọwọ́ rẹ̀ yóò rà. Ọmọ fọwọ́ kàn án, ọwọ́ kò rà, ó pin, kò ní gba ọ̀rọ̀ wa gbọ́ mọ́. Àwọn mìíràn a ní àfiṣe ni. Àwọn kan sì rèé, pàṣán ni ẹ̀kọ́ tiwọn. Ọmọ tó gbàgbé láti bo gààrí, tó rí eku nínú rẹ̀, tó sì ń bẹ̀rù ẹgba, yóò panu mọ́, gbogbo ilé yóò sì rẹ gààrí ọ̀hún mu. Omi tútù kì í ṣe iná, kì í pa kòkòrò àrùn.

Òótọ́ tó yẹ kí ọmọ mọ̀ kò le. Eku kan tí ọmú rẹ̀ pọ̀, tó máa ń wọlé wá jẹun, ló ń gbé àrùn yìí kiri nínú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀. Àrùn náà kì í ṣe eku ọ̀hún ní nǹkan kan. Nínú ènìyàn 10 tó bá kó o, nǹkan bí 8 ni kò ní mọ̀ ọ́n lára púpọ̀, ṣùgbọ́n ó lè pa àwọn tó kù. Ó lè tó 21 ọjọ́ kó tó fara hàn. Bí ibà lásán ló ṣe ń bẹ̀rẹ̀: ara gbígbóná, àárẹ̀, orí fífọ́, ọ̀nà ọ̀fun dídùn. Èébì lè tẹ̀ lé e, ẹ̀jẹ̀ sì lè máa jáde lẹ́nu tàbí nímú. Bí a bá ti lo oògùn ibà tí ara kò rọlẹ̀, ẹ má fi àgbo dá ọjọ́ pé. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn, kí ẹ sì sọ fún dókítà bí eku bá wà nílé yín. Oògùn tí wọ́n ń pè ní ribavirin wà, àsìkò tí àrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ló sì dára jù. Abẹ́rẹ́ àjẹsára kò tíì sí fún un.

Ẹ kọ́ ọmọ pé ìkíni kì í kó o ranni, bí kò ṣe ẹ̀jẹ̀, èébì, ìtọ̀ àti omi ara aláìsàn. Nínú mẹ́rin tó yè é, ẹnì kan lè má gbọ́ràn dáadáa mọ́. Kí ọmọ wa má fi irú wọn ṣe yẹ̀yẹ́.

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Ẹ dí gbogbo ihò ilé. Gààrí àti èlùbọ́ tí à ń kó bọ̀ láti ilé, ẹ má fi wọ́n sílẹ̀ nínú àpò lásán, ike onídérí ni kí ẹ dà wọ́n sí. Ẹ má sá èlùbọ́ sẹ́bàá títì. Ẹ da ilẹ̀ jìnnà sílé, ẹ sin ológbò. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, kí àwọn ọmọ má dẹ eku jẹ, kí wọ́n má sì fi ọwọ́ lásán gbé òkú eku.

Ìyá ọmọ náà wá bá wa lóòótọ́. Wọ́n ní ta ni yóò san owó búrẹ́dì táwọn dà nù? A ní owó ike onídérí kan kò tó owó ilé ìwòsàn ọjọ́ kan. Wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n ní, “Ẹ ṣeun. Ẹ tún bá mi sọ fún bàbá rẹ̀.” A sì ti lọ bá wọn sọ ọ́.

Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ẹ jẹ́ ká kọ́ wọn lónìí. Elédùmarè kò ní í jẹ́ ká fi ọwọ́ wa sin ọmọ o. Àṣẹ.