Wáyà tàbí Orí Afẹ́fẹ́: Ìsopọ̀ Rédà nínú Ọkọ̀ Kéékèèké Orí Ọ̀sà Èkó

Ìfáàrà

Ohun tí bébà yìí dá lé lórí ni ìbéèrè kan tí ó dà bí ẹni pé ti àwọn oníṣẹ́-ẹ̀rọ nìkan ni, ṣùgbọ́n tí ẹ̀mí èèyàn wà nídìí rẹ̀. Apá méjì ni rédà inú ọkọ̀ kékeré ní. Èkíní ni igbá ribiti tí wọ́n máa ń gbé sórí òrùlé ọkọ̀ tàbí sórí òpó. Inú rẹ̀ ni ohun tí ń rán ìgbì rédíò jáde, tí ó sì ń gbà á padà, wà. Èkejì ni ojú ẹ̀rọ tí atukọ̀ ń wò bí ẹni ń wo tẹlifíṣọ̀n. Ṣé wáyà ni ó yẹ kí ó so igbá yìí mọ́ ojú ẹ̀rọ ni, tàbí kí àwòrán gba orí afẹ́fẹ́ láti òkè wá sí ìsàlẹ̀? Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Rédà sì ni ojú tí atukọ̀ ń yá lò nígbà tí ojú tirẹ̀ kò bá ríran mọ́. Nítorí náà, ọ̀nà tí ohun tí ojú àyálò yìí rí ń gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

Àṣàyàn tí Èkó ti ṣe rí

Kì í ṣe òní ni Èkó ti ń yàn láàárín wáyà àti orí afẹ́fẹ́. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kejìlá ọdún 1935 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pípín ohùn rédíò sí ilé àwọn èèyàn ní Èkó. Wọn a gba ohùn BBC tí ó ń ti Daventry ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá, wọn a sì fi wáyà gbé e wọ inú àpótí tí ó wà nílé ẹni tí ó bá san owó. Irú àpótí yìí ni Yorùbá sọ ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Orí afẹ́fẹ́ ni ohùn náà gbà la òkun já, ṣùgbọ́n wáyà ni ó bá wọlé. Àwọn tí ó ṣètò rẹ̀ kò ka ọ̀nà méjèèjì sí ọ̀tá ara wọn. Ibi tí wáyà kò lè dé ni wọ́n ti lo afẹ́fẹ́, ibi tí ó lè dé ni wọ́n ti lo wáyà.

Ó yẹ kí a ṣe àkíyèsí pé ní oṣù Kejì ọdún 1935 yẹn kan náà, ìgbì rédíò láti Daventry yìí ni Robert Watson-Watt àti Arnold Wilkins lò láti fi hàn pé ọkọ̀ òfurufú a máa dá ìgbì padà. Ìdánwò yẹn ni rédà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti bẹ̀rẹ̀. Ṣáájú wọn, ní 1904, Christian Hülsmeyer ti fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣọ́ ọkọ̀ ojú-omi lórí odò Rhine ní Cologne, ní Jámánì, ṣùgbọ́n àwọn ológun ojú omi ilẹ̀ rẹ̀ kò náání rẹ̀. Èyí ni pé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú-omi ni wọ́n kọ́kọ́ fi irú ẹ̀rọ yìí yanjú, kí ti òfurufú tó dé.

Ìrìn-àjò méjì

Àṣìṣe kan wọ́pọ̀ tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ mú kúrò lọ́nà. Rédà tí wọ́n ń pè ní aláìlówáyà kò yàtọ̀ sí èyí tí ó ní wáyà nínú bí ó ṣe ń ríran. Méjèèjì ni ó ń rán ìgbì jáde, tí wọ́n sì ń tẹ́tí sí gbohùngbohùn rẹ̀. Ìgbì yìí ń sáré tó 300,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ohun kan bá wà ní 1,500 mítà sí ọkọ̀, ìgbì yóò lọ, yóò sì bọ̀, láàárín ìpín 10 nínú ìpín 1,000,000 ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìrìn-àjò àkọ́kọ́ nìyí, orí afẹ́fẹ́ ni ó sì ń gbà nígbà gbogbo. Ìrìn-àjò kejì, láti inú igbá dé ojú ẹ̀rọ, ni àríyànjiyàn wà lé lórí. Kò ju mítà díẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni nǹkan ti lè bàjẹ́.

Àwọn mìíràn a máa bẹ̀rù pé ìgbì rédà àti ti Wi-Fi yóò máa dí ara wọn lọ́wọ́. Ìbẹ̀rù yìí kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ní nǹkan bí 9.4 GHz ni rédà ọkọ̀ kékeré ń ṣiṣẹ́, Wi-Fi sì ń lo 2.4 GHz tàbí 5 GHz. Ohun tí ń dí Wi-Fi lọ́wọ́ ni Wi-Fi ẹlòmíràn, irin, àti ara èèyàn.

Láti Àgùdà dé orí ọ̀sà

Àgùdà ní Sùúrùlérè kò fi ara kan ọ̀sà. Ilé ni ó gbára jọ sí ibẹ̀. Bí oníṣẹ́-ẹ̀rọ kan bá gbé igbá aláìlówáyà sórí tábìlì nínú ṣọ́ọ̀bù ní Àgùdà láti dán ìsopọ̀ rẹ̀ wò (láìjẹ́ kí ó rán ìgbì rédà jáde, nítorí kò yẹ kí wọ́n tan án sí èèyàn lójú nínú yàrá), ohun tí yóò kọ́kọ́ rí lórí fóònù rẹ̀ ni orúkọ Wi-Fi àwọn ará àdúgbò. Bẹ́ẹ̀ sì ni, nínú 2.4 GHz, ọ̀nà mẹ́ta péré ni kò gorí ara wọn. Bí àwòrán bá ń já níbẹ̀, yóò sọ pé èrò ìgboro ni ó fà á, pé yóò dára bí ọkọ̀ bá dé gbangba omi.

Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Láàárín ọ̀sà, Wi-Fi ẹlòmíràn kò pọ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ èrò kì í lọ ní òfo. Èrò ogún tí wọ́n jókòó láàárín igbá àti atukọ̀, omi ni ó pọ̀ jù nínú ara wọn, omi sì ń gbé ìgbì 2.4 GHz mì. Fóònù tún wà lọ́wọ́ wọn, àwọn mìíràn sì ń fi tiwọn pín íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹnìkejì. Òrùlé fáíbà yóò jẹ́ kí ìgbì kọjá. Òrùlé alumíníọ̀mù tàbí ti irin kò ní gbà. Ìdánwò orí tábìlì, yálà ó yege tàbí kò yege, kò sọ ohun púpọ̀ nípa ọkọ̀ tí ó kún.

Ìgbà wo gan-an ni irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ nílò rédà? NIWA, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1997, àti LASWA, tí ìpínlẹ̀ Èkó dá sílẹ̀ ní 2008, kò fẹ́ kí ọkọ̀ kó èrò lóru. Àmọ́ kùrukùru òwúrọ̀ kì í ṣe òru, eruku ọyẹ́ kì í ṣe òru, òjò oṣù Kẹfà tí ó lè bo afárá Third Mainland mọ́ni lójú kì í ṣe òru. Àwọn ọkọ̀ adóòlà-ẹ̀mí àti ti agbófinró sì ń jáde nígbà tí àwọn yòókù bá ti so mọ́lẹ̀.

Àwòrán tí ó dúró

Níbí ni kókó ọ̀rọ̀ wà. Bí wáyà bá já pátápátá, ojú ẹ̀rọ yóò ṣófo, tàbí kí ó sọ pé òun kò rí rédà mọ́. Atukọ̀ mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ojú àyálò òun ti fọ́, yóò sì dẹ ìrìn. Ìsopọ̀ orí afẹ́fẹ́ kì í sábà kú bẹ́ẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń rẹ̀ ẹ́: yóò fà sẹ́yìn, yóò fo ìyípo kan, yóò tún padà. Láàárín ìgbà yẹn, àwòrán tí ó gbẹ̀yìn lè dúró gbagidi lójú ẹ̀rọ, kí ó sì jọ àwòrán tòótọ́. Ẹ̀rọ mìíràn a máa kìlọ̀, ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ náà lè pẹ́ díẹ̀ kí ó tó jáde, kò sì dájú pé ẹni tí ó di ìtọ́kọ̀ mú nínú òjò yóò rí i.

Igbá tí ó bá ń yí ní ìgbà 24 láàárín ìṣẹ́jú kan ń fi ìṣẹ́jú-àáyá 2.5 wo àyíká lẹ́ẹ̀kan. Ọkọ̀ tí ó ń sáré ní 40 kìlómítà ní wákàtí kan ń lọ ní nǹkan bí mítà 11 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí àwòrán bá dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́fà péré, ọkọ̀ ti rin mítà 66 lójú òkùnkùn, tí atukọ̀ sì rò pé òun ń ríran. Ta ni ó wà níwájú rẹ̀? Ní tòsí Màkókó àti lábẹ́ afárá, ó lè jẹ́ apẹja nínú ọkọ̀ àjẹ̀, ó lè jẹ́ awayanrìn tí ó ta aṣọ sí afẹ́fẹ́. Igi ni ọkọ̀ wọn, igi kì í sì í dá ìgbì padà bí irin. Afárá ńlá ní tirẹ̀ a máa dá a padà jù, tó bẹ́ẹ̀ tí ó lè bí òjìji èké sójú ẹ̀rọ. Irú àwọn ohun fẹ́ẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ nílò kí àwòrán yí lọ́pọ̀ ìgbà láìdánu dúró, kí ojú tó lè ya tòótọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára irọ́. Òfin àgbáyé lórí yíyẹra fún ìforígbárí lójú omi, ti 1972, pàápàá kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé ìpinnu ka orí ohun kín-ń-kín tí rédà bá fi hàn. Apẹja yẹn kò ní rédà, kò sì mọ̀ pé ojú ẹnìkan ti dúró.

Ẹ̀bi wáyà

Kò sí wáyà tí kò lè já. Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹta ọdún 2024, àwọn wáyà abẹ́ òkun bàjẹ́ nítòsí Côte d'Ivoire, íntánẹ́ẹ̀tì sì dákù ní Èkó. Nínú ọkọ̀, ọ̀tá wáyà ni iyọ̀ tí ń ti òkun wọ inú ọ̀sà, tí ń mú kí bàbà dípẹtà. Gbígbọ̀n ẹ́ńjìnnì a máa tú ẹnu wáyà. Ihò tí wọ́n lu sí òrùlé a máa jò. Wáyà tí ó ti dípẹtà náà lè máa já, kí ó tún máa so, bí ti orí afẹ́fẹ́; a kò gbọdọ̀ fi èyí pamọ́. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ọwọ́ lè kan ẹnu wáyà, ojú lè rí ìpẹtà, a sì lè pààrọ̀ rẹ̀ kí ọkọ̀ tó ṣí. Kò sí ẹni tí ó lè yẹ afẹ́fẹ́ wò láàárọ̀.

Orúkọ náà gan-an ní ẹ̀tàn nínú. Rédà aláìlówáyà ṣì ní wáyà: iná bátìrì gbọ́dọ̀ dé inú igbá. Furuno DRS4W, tí ń rán àwòrán sí iPhone tàbí iPad, nílò wáyà iná. Bákan náà ni Quantum tí Raymarine gbé jáde ní 2016. Nígbà tí ihò kan ti wà fún iná, ìnira wo ni wáyà kejì mú wá? Ibi tí àǹfààní wà ni ọkọ̀ àtijọ́ tí òpó rẹ̀ ti kún, tí wáyà iná ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí wáyà mìíràn kò sì lè wọ̀ ọ́ mọ́. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ fi iPad ṣe ojú ẹ̀rọ kan ṣoṣo gbọ́dọ̀ rántí pé ààlà tí Apple fún lílò rẹ̀ ni 35°C. Oòrùn oṣù Kẹta lórí ọ̀sà kò mọ ààlà yẹn.

Òfin SOLAS, tí ó sọ rédà 9 GHz di dandan fún ọkọ̀ tí ó tó 300 gross tonnage, kò dé ọ̀dọ̀ ọkọ̀ fáíbà. Ọwọ́ ẹni tí ó ni ọkọ̀ ni ìpinnu wà. Fún ọkọ̀ tí ń kó èrò àti ti adóòlà-ẹ̀mí, wáyà ni ó yẹ. Igbá tí ó gba méjèèjì ni ó dára jù: kí wáyà lọ sí ojú ẹ̀rọ atukọ̀, kí Wi-Fi sì wà fún ojú kejì tí igbákejì rẹ̀ ń wò. Kí ẹni tí yóò so ó ra wáyà tí wọ́n fi tánganran bo bàbà rẹ̀, kí ó fi rọ́bà dí ẹnu rẹ̀, kí ó sì jẹ́ kí wáyà náà fì sísàlẹ̀ díẹ̀ kí ó tó gòkè wọ ihò, kí omi òjò lè kán sílẹ̀ níbẹ̀ dípò kí ó tẹ̀ lé wáyà wọlé.