Ìgbátí Àjà: Ọ̀rọ̀ àti Iṣẹ́ nínú Ilé Ayé Ọbabìnrin Victoria

Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ fi èdè Yorùbá ṣàlàyé bí a ti ń tún ilé àtijọ́ ṣe yóò kọ́kọ́ kọsẹ̀ ní ibi tí ògiri ti pàdé àjà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nínú ilé tí a kọ́ láàrin ọdún 1837 sí 1901, nígbà tí Ọbabìnrin Victoria wà lórí oyè, ọnà funfun kan a máa yí yàrá ká ní ìpàdé yìí gan-an. Àwọn oníṣẹ́ P.O.P. ní Èkó àti ní Ìbàdàn ń pè é ní kọ́níìsì. Orúkọ àyálò yìí kò burú, ṣùgbọ́n kò sọ nǹkan kan fún akẹ́kọ̀ọ́ nípa ohun tí ó ń jẹ́ ẹ.

Àwọn kan a fẹ́ pè é ní etí àjà. Èyí kò tó. Ẹni tí ó bá gbọ́ etí àjà yóò rántí etí òrùlé, níbi tí omi òjò ti ń kán sílẹ̀ ní ìta, yóò sì wá ọnà inú yàrá lọ sí ẹ̀yìn ilé. Ìṣẹ́tí bá aṣọ mu ju ilé lọ. Ọ̀rọ̀ tí ó dára jù ti wà nínú Bíbélì Yorùbá tipẹ́: nínú Ẹ́kísódù orí 25, ìgbátí ni wọ́n pe ọ̀já wúrà tí a ní kí wọ́n ṣe yí àpótí ẹ̀rí àti tábìlì ká. Ohun tí ó yọ síta díẹ̀, tí ó yí etí nǹkan ká, tí a sì ṣe fún ẹwà: kí ni ó tún kù? Bí a bá fi àjà kún un, ìgbátí àjà, kò sí ẹni tí yóò ṣì í mú.

Orúkọ nìkan kọ́ ni ìṣòro. Ọ̀rọ̀-ìṣe ni ó léwu jù. Òkúta jípsọ̀mù ni a fi ń ṣe ìyẹ̀fun funfun tí à ń pè ní pílásítà Paris, nítorí pé a máa ń wà á tẹ́lẹ̀ ní òkè Montmartre ní ìlú náà. Omi wà nínú òkúta yìí, ó sì so pọ̀ mọ́ ọn. Bí a bá yan án ní nǹkan bí ìwọ̀n 150 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin omi náà yóò jáde, òkúta yóò sì di ìyẹ̀fun. Bí a bá tún po ìyẹ̀fun náà mọ́ omi, yóò gba omi rẹ̀ padà, yóò sì le láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀.

Báwo ni a ó ṣe sọ èyí? Ọ̀pọ̀ olùtumọ̀ yóò kọ ọ́ pé pílásítà náà ‘gbẹ’. Àṣìṣe gbáà ni. Ohun tí ó gbẹ pàdánù omi. Pílásítà tí ó ń le ń gba omi sára ni. Akẹ́kọ̀ọ́ tí a bá sọ fún pé kí ó jẹ́ kí ó gbẹ yóò sá a sí oòrùn, tàbí kí ó fi iná sí i lábẹ́ kí ó lè yá, omi yóò sì fò lọ kí iṣẹ́ tó parí: ohun tí yóò kù lọ́wọ́ rẹ̀ yóò máa rọ́ bí ẹfun. Ẹ̀kọ ni ó yẹ kí á wò. A kì í sọ pé ẹ̀kọ gbẹ nínú ewé, a ń sọ pé ó dì. Òótọ́ ni pé òtútù ni ó ń mú ẹ̀kọ dì, tí ti pílásítà sì yàtọ̀, ṣùgbọ́n ‘dì’ kò ṣèlérí pé omi lọ. Nítorí náà, pílásítà a kọ́kọ́ dì; lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ púpọ̀, omi tí ó ṣẹ́kù yóò gbẹ, a ó sì tó lè kùn ún ní ọ̀dà. Ìpele méjì ni, ọ̀rọ̀ méjì ni ó sì yẹ wọ́n. Omi tí ó so mọ́ ọn yìí kan náà ni ó jẹ́ kí ó lè kojú iná fún ìgbà díẹ̀, nítorí iná ní láti lé e jáde ná.

Ọ̀nà méjì ni àwọn oníṣẹ́ ayé Victoria ń gbà ṣe ìgbátí, Yorùbá sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ti ya orúkọ wọn sọ́tọ̀. Ìgbátí fífà ni èkíní: a ó gé páànù tẹ́ẹ́rẹ́ ní àwòrán ìgbátí, a ó kàn án mọ́ igi, a ó sì máa wọ́ ọ lọ wọ́ ọ bọ̀ lórí pílásítà tútù títí àwòrán yóò fi jáde. Ìgbátí dídà ni èkejì: inú mọ́ọ̀dù ni a ti ń dà á, kí á tó gbé e lọ sí ilé. Ní ọdún 1856 ni Desachy gba ìwé àṣẹ ní London lórí ọ̀nà dídà kan, nínú èyí tí aṣọ àpò, irú èyí tí a fi ń di kòkó, ti máa ń wà nínú pílásítà láti mú un fúyẹ́ kí ó sì lágbára. Òdòdó, ewé àkántọ́ọ̀sì àti ọ̀wọ́ ẹyin tí ọfà wà láàrin wọn, dídà ni wọ́n, a ó sì lẹ̀ wọ́n mọ́ ti fífà.

Ẹni tí ó bá ń yan ìgbátí fún irú ilé bẹ́ẹ̀ lónìí, yàrá ni kí ó kọ́kọ́ bi léèrè. Pálọ̀ iwájú, níbi tí àlejò ń jókòó, ni ó ń gba ọnà tí ó pọ̀ jù. Iyàrá ibùsùn kò tó bẹ́ẹ̀. Yàrá àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ lábẹ́ òrùlé kì í sábà ní nǹkan kan. Ẹni tí ó bá gbé ìgbátí pálọ̀ lọ sí òkè lọ́hùn-ún ti wọ agbádá fún ọmọ ọwọ́. Kí ó tó ra nǹkan kan, kí ó wo inú kọ́bọ́ọ̀dù àti ẹ̀yìn ògiri tí a fi pín yàrá, nítorí ibẹ̀ ni èyí tí ó kù máa ń sá pamọ́ sí. Bí kò bá rí i, kí ó bẹ aládùúgbò. Ọ̀mọ̀lé kan náà ni ó sábà máa ń kọ́ odidi ọ̀wọ́ ilé ní òpópónà kan. Kí ó má sì wọn ìgbátí àtijọ́ kí ó tó fọ̀ ọ́, torí ọ̀dà ẹfun ọgọ́rùn-ún ọdún ti lè bo ẹyin àti ọfà títí wọn yóò fi di kókó lásán. Ìgbátí fóòmù fúyẹ́, owó rẹ̀ kò sì tó ti pílásítà, ṣùgbọ́n kì í mú ojú ọnà dáadáa, iná sì ń jó o. Bí ilé náà bá wà nínú ìwé àwọn ilé tí ìjọba ń dáàbò bò, òfin ọdún 1990 ní England béèrè fún àṣẹ kí á tó yí irú ẹ̀yà ilé bẹ́ẹ̀ padà.

Ní Èkó, àwọn Àgùdà tí ó ti Brazil dé ṣe ọnà tiwọn ní àkókò Victoria kan náà. Ó hàn lára mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí a ṣí ní 1894 àti ilé da Rocha ní òpópónà Kakawa. Ó hàn lára Ilojo Bar pẹ̀lú, tí a fi ṣe ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956, tí a sì wó ní 2016. Ṣùgbọ́n ìta ni púpọ̀ nínú ọnà wọ̀nyí wà, lókè fèrèsé àti ilẹ̀kùn àti lábẹ́ òrùlé, níbi tí òjò ti ń rọ̀ sí wọn. Jípsọ̀mù kò lè dúró níbẹ̀, nítorí omi ń jẹ ẹ́. Fún ti ìta, ìgbátí fèrèsé àti ìgbátí òrùlé ni kí olùtumọ̀ kọ sílẹ̀, kí ó sì fi ìgbátí àjà sílẹ̀ fún inú yàrá.