Ìpara irun tẹ́ ẹ pò: ṣé pátẹ́ǹtì rẹ̀ lè dúró ní kóòtù?

Ẹ jẹ́ ká sọ pé onídìrí kan ní Sábó, n'Ílé-Ifẹ̀, po òrí mọ́ àdín àgbọn, ó fi kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní cetrimonium chloride sí i, ló bá di pé irun àwọn oníbàárà rẹ̀ ń rọ̀ múlọ́múlọ́. Ó wá fẹ́ gba pátẹ́ǹtì, ìyẹn ìwé ẹ̀tọ́ tí kò ní jẹ́ kí ẹlòmíràn máa ṣe é tà fún 20 ọdún. Ṣé wọ́n máa fún un?

Ó ṣeé ṣe kí wọ́n fún un o, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀pọ̀ oníṣòwò ti ń ṣìnà. Lábẹ́ òfin pátẹ́ǹtì wa, èyí tó ti wà láti ọdún 1970, ọ́fíìsì tó ń forúkọ sílẹ̀ l'Abuja kì í yẹ̀ ẹ́ wò bóyá nǹkan náà jẹ́ tuntun. Bí fọ́ọ̀mù bá ti pé, tí owó sì wọlé, ó parí. Òfin náà sọ ọ́ ní gbangba pé ẹni tó gba ìwé náà ló forí ara rẹ̀ gbà á, ìjọba kò ṣe onídùúró fún un.

Ọjọ́ tí ẹlòmíràn bá pè é lẹ́jọ́ nílé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ni adájọ́ á tó béèrè pé: ṣé ohun tẹ́ ẹ ṣe yìí kò ti hàn gbangba látinú ohun táyé ti mọ̀ tẹ́lẹ̀? Bó bá hàn, adájọ́ lè wọ́gi lé ìwé náà.

Ọ̀rọ̀ onídìrí wa máa le níbẹ̀. Bí bátìrì ṣe ní ẹnu méjì, (+) àti (–), bẹ́ẹ̀ ni irun tí rìlásà tàbí búlíìṣì ti bà jẹ́ máa ń ní (–) lára. Cetrimonium ní (+), ìdí nìyẹn tó fi ń lẹ̀ mọ́ irun tó sì ń mú un jọ̀lọ̀. Ó ti pẹ́ táwọn tó ń ṣe kọndíṣọ́nà ti ń lò ó. Òrí ńkọ́? Ta ni kò mọ̀ ọ́n nílẹ̀ Yorùbá? Òfin sì ka ohun tí wọ́n ń lò, tàbí tí wọ́n kàn fẹnu sọ níta, mọ́ ohun táyé ti mọ̀, ibi yòówù kó ti jẹ́ láyé.

Síbẹ̀, àdàlù ohun àtijọ́ lè gbà á, bí èsì rẹ̀ kò bá jẹ́ ohun tí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà máa retí.

Irú ẹjọ́ yìí ti ṣẹlẹ̀ l'Amẹ́ríkà. Ilé-iṣẹ́ Liqwd, ti Olaplex, ní pátẹ́ǹtì lórí lílo maleic acid nígbà tí wọ́n bá ń fi búlíìṣì sí irun, kí irun má baà já. L'Oréal ta kò ó, ìgbìmọ̀ ọ́fíìsì pátẹ́ǹtì níbẹ̀ sì dá a lẹ́jọ́ pé ohun tó hàn gbangba ni. Liqwd pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Lóṣù kẹwàá ọdún 2019, ilé-ẹjọ́ dá ọ̀rọ̀ náà padà fún ìgbìmọ̀. Ìdí ni pé ìgbìmọ̀ fúnra rẹ̀ ti rí i pé L'Oréal lo àṣírí tí Liqwd fi hàn án, ṣùgbọ́n kò gbé ìyẹn lé òṣùwọ̀n. Bí nǹkan bá hàn gbangba tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí wọ́n ní láti wo ti oníǹkan? Ilé-ẹjọ́ kò sọ pé Liqwd ti jàre o, ó kàn ní kí wọ́n ka ẹ̀rí náà sí ni.

Nítorí náà, ẹ máa kọ gbogbo ìdánwò yín sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tẹ́ ẹ ṣe é, títí kan èyí tó kùnà. Ẹ jẹ́ kí ẹni tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi hàn kọ́kọ́ fọwọ́ síwèé àṣírí. Ní ti onídìrí wa, ó ti ń fi ìpara náà sórí àwọn oníbàárà kó tó gba fọ́ọ̀mù, ibẹ̀ sì ni agbẹjọ́rò alátakò máa kọ́kọ́ mú un.